Bí Epo Bá Dà Sójú Omi

Ọ̀rọ̀ òní kan gbogbo ẹni tí odò ń bọ́.

Ní ọjọ́ 10 oṣù Karùn-ún ọdún 2019, ní ojú ọ̀nà ọkọ̀ omi Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà, ọkọ̀ ńlá kan tó ń jẹ́ Genesis River kọlu báàjì méjì tí ọkọ̀ kékeré kan ń tì lọ. Báàjì kan lu, èkejì dojú dé. Kẹ́míkà tí wọ́n ń pò mọ́ epo bẹntiróò, tó lé ní 11,000 àgbá, dà sínú ọ̀sà Galveston, níbi tí àwọn èèyàn ti ń pa edé àti alákàn. Àwọn tó wádìí rẹ̀ ní eré tí ọkọ̀ ńlá náà ń sá lójú ọ̀nà tóóró ló fà á. Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi ti ọ̀nà omi náà pa.

Irú epo bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ lójú omi bí epo rọ̀bì; púpọ̀ rẹ̀ ń di oru. Ṣùgbọ́n oru náà wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ìsàlẹ̀ ló ń rá pálá gbà, iná sì lè ràn án láti òkèèrè. Bákan náà ni bẹntiróò tí wọ́n ń kó gba orí omi tiwa.

Nítorí náà, bí ẹ bá rí i lókèèrè, ẹ yí ọkọ̀ padà. Bí ó bá ká yín mọ́, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ má ṣáná, ẹ fi àjẹ̀ wakọ̀ lọ síhà ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá. Ẹ má gbé kẹ́ẹ̀gì lọ bù ú: àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn.

Ẹ dí ojú ibi tí omi ń gbà wọ adágún ẹja yín. Ẹ má da ọṣẹ sódò; ọṣẹ náà ń pa ẹja. Ẹja tó kú tàbí tó ń rùn epo, ẹ má jẹ ẹ́, ẹ má tà á.

Bí ó bá ta sí yín lára, ẹ bọ́ aṣọ, kí ẹ fi ọṣẹ àti omi tó mọ́ wẹ̀. Ẹni tó bá gbé e mì, ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má mú un bì. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ kíákíá.

Ẹ pe 112, kí ẹ sì fi tó baálẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀ àti àjọ NOSDRA létí. Ẹ kọ ọjọ́ àti aago sílẹ̀. Ẹ má sọ àwọ̀n tó bàjẹ́ nù kí wọ́n tó wá wò ó. Òun ni ẹ̀rí yín.

Àwọ̀n ṣeé rà, ẹ̀mí kò ṣeé rà.