Ọ̀rọ̀ Igbó àti Ìwòsàn: Ohun Tó Ń Sọ Ewé Di Oògùn

   

Ìbéèrè tí ẹ gbé ka iwájú mi lónìí, ní Aláúsá níbí, ni pé: ṣé ó yẹ kí òfin fàyè gba igbó fún ìwòsàn? Èsì mi ni pé ó yẹ. Ṣùgbọ́n ìdí tèmi yàtọ̀ sí èyí tí púpọ̀ nínú wa máa ń sọ.

Ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé ewé òrìṣà ni igbó, pé àwọn aláwọ̀ funfun ló kọ́ wa láti kórìíra rẹ̀. Wọn a sì fi ìtàn tí gbogbo wa mọ̀ gbe ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹ̀: bí Ọ̀rúnmìlà ṣe ní kí Ọ̀sanyìn lọ ro oko, tí Ọ̀sanyìn dé oko tí kò lè gé ewéko kankan, nítorí pé kò sí èyí tí kò wúlò. Wọ́n gbàgbé ibi tí ìtàn náà ti jinlẹ̀. Ọ̀sanyìn dárúkọ ewé kọ̀ọ̀kan, ó sì sọ àìsàn tí ó ń wò. Kò sọ pé gbogbo ewé ló dára fún gbogbo ènìyàn.

Orúkọ ewé nínú iṣẹ́ wa kì í ṣe àmì ìdánimọ̀ lásán. Fátúmbí Verger fi èyí hàn nínú ìwé rẹ̀, Ewé, tó jáde ní 1995: lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀rọ̀-ìṣe inú ọfọ̀ máa ń bá sílébù kan nínú orúkọ ewé mu, orúkọ náà a sì máa rán ewé níṣẹ́. Igbó ńkọ́? Ọ̀rọ̀ kan náà tí a fi ń pe ibi tí ẹranko ń gbé ni. Kò sọ iṣẹ́ tí ewé náà ń ṣe. Ìtàn tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà ni pé àwọn ọmọ ogun tó ti Bọ́mà àti Íńdíà dé lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ló mú un wọ̀lú. Àlejò ni.

Síbẹ̀, a kì í torí pé ewé jẹ́ àlejò lé e jáde. Íńdíà náà ni dóńgóyárò ti wá, ta ni kò sì mọ̀ ọ́n nínú àgbo ibà lónìí? Ohun tó sọ ọ́ di tiwa ni pé a mọ àìsàn tí à ń lò ó fún, a mọ ìwọ̀n tí à ń mu, a sì mọ ẹni tó sè é, tí yóò dáhùn bí ọ̀rọ̀ bá yíwọ́. Àìsàn, ìwọ̀n, ẹni tí yóò dáhùn: mẹ́ta yìí ló ń sọ ewé di oògùn.

Ẹ wo àwọn tó ti ṣe é. Ní 2018, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí Epidiolex, oògùn tí wọ́n ṣe láti ara igbó fún oríṣi wárápá líle méjì tó ń bá ọmọdé jà. CBD ni èròjà inú rẹ̀, kì í pa ènìyàn bí ọtí. Bí aláìsàn bá ṣe wúwo tó ni dókítà fi ń wọn ìwọ̀n rẹ̀, wọ́n sì ń yẹ ẹ̀dọ̀ rẹ̀ wò, nítorí oògùn náà lè pa ẹ̀dọ̀ lára. Ní ọdún yẹn kan náà, Bìrìtìkó gbà kí àwọn dókítà àgbà nínú ẹ̀ka ìmọ̀ wọn máa kọ oògùn igbó fún aláìsàn. Ní Áfíríkà, Lẹ̀sótò ti ń fún àwọn tó ń gbìn ín fún ìwòsàn ní ìwé àṣẹ láti 2017.

Àwa ńkọ́? Òfin ìjọba ológun ní 1966 sọ pé ikú tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún 21 ni ìyà ẹni tó bá gbin igbó. Wọ́n dín in kù ní 1975. Wọ́n dá NDLEA sílẹ̀ ní 1989. Síbẹ̀, ìwádìí ìjọba àpapọ̀ àti UNODC ti ọdún 2018 fi hàn pé ènìyàn bíi mílíọ̀nù 10.6 ló lo igbó láàárín ọdún kan. Ní 2019, Gómìnà Rótìmí Akérédolú ti Oǹdó àti ọ̀gá NDLEA ìgbà náà lọ sí Thailand láti wo bí wọ́n ṣe ń gbìn ín fún ìwòsàn. Ariwo sọ, ọ̀rọ̀ náà sì rọlẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2024, Ilé Aṣòfin Àgbà tún dìbò pé kí wọ́n máa pa àwọn tó ń ṣòwò oògùn olóró.

Òfin líle kò pa ewé náà run. Ìmọ̀ ìwọ̀n ló pa. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ ní wárápá, ẹni tí oògùn jẹjẹrẹ ń mú bì tọ̀sán-tòru, ibo ni kí wọ́n lọ? Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń rẹ igbó sínú ògógóró ní gáréèjì ni wọn yóò bá ara wọn. Òun fúnra rẹ̀ kò mọ ohun tó wà nínú ìgò.

Àwọn kan ń bẹ̀rù pé bí a bá ṣí ilẹ̀kùn fún aláìsàn, ọmọ ìta ni yóò gbà á wọlé. Ìbẹ̀rù náà kì í ṣe ti òmùgọ̀: a ti rí bí tírámádọ́ọ̀lù ṣe bọ́ sí ìgboro, igbó mímu láti kékeré sì lè da orí ọ̀dọ́ rú. Ṣùgbọ́n ẹ wo mọ́fíìnì. Ó lágbára ju igbó lọ, síbẹ̀ ilé ìwòsàn ń fi ìwọ̀n fún ẹni tí ìrora jẹjẹrẹ ń dà láàmú. A kò sọ pé kí aláìsàn máa jẹ̀rora nítorí olè. A ní kí wọ́n ṣọ́ ilẹ̀kùn.

Kí ni kí a wá ṣe? Aláúsá kò lè ṣe òfin yìí, nítorí ìwé òfin 1999 ka oògùn àti májèlé mọ́ ohun tí ìjọba àpapọ̀ nìkan lè ṣòfin lé lórí. Ṣùgbọ́n Aláúsá ní ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìṣègùn ìbílẹ̀, Aláúsá náà ló sì fún wa ní ìsinmi Ìṣẹ̀ṣe ní 2023. Ẹ jẹ́ kí a gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ béèrè pé, nígbà tí Àbújá bá jókòó lórí ọ̀rọ̀ yìí, kí oníṣègùn ìbílẹ̀ àti àgbẹ̀ wà níbẹ̀, kí èrè má baà jẹ́ ti olówó òkèèrè nìkan. Kí ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ sì gba àṣẹ láti fi ewé náà ṣe ìwádìí.

Kí òfin tó yí padà, tiwa wà lọ́wọ́ wa. Ẹ má ṣe fi igbó sínú àgbo ẹnikẹ́ni. Ẹ má ṣe ní kí ọlọ́mọ já oògùn wárápá tí dókítà kọ fún ọmọ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ má sì ṣe fi orúkọ Ọ̀sanyìn ta ohun tí ẹ kò mọ ìwọ̀n rẹ̀. Bí a bá fẹ́ kí ìjọba fọkàn tán wa nídìí ewé tuntun, ọwọ́ tí a fi mú èyí tí a ti mọ̀ ni wọn yóò wò.

Àwọn àgbà ní ewé ń jẹ́, oògùn ń jẹ́. Èyí tí kò jẹ́, ewé rẹ̀ ni kò pé. Ní ti igbó, ìwọ̀n àti ẹni tí yóò dáhùn ló kù. Kí Ọ̀sanyìn fi ọ̀nà hàn wá.