Ibi tí Pọ́ìntì Jókòó Sí
Ọ̀rọ̀ tí ayẹ̀wéwò ẹgbẹ́ bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní Ẹ̀rìn-Ilé

Ẹ ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ìṣirò èlé. Mo mọ̀ pé bí a bá ti dárúkọ ìṣirò, oorun a máa kun ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n owó yín ni ọ̀rọ̀ náà dá lé.

Ní ẹgbẹ́ kan tí n kò ní dárúkọ, tí kì í sì í ṣe ti ìlú yìí, ìyá kan yá ₦80,000. Ọ̀kan ààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún ni èlé wọn lóṣù. Akọ̀wé ní láti pín 1.5 sí ọ̀nà 100. Ó kọ 0.15, ó fi sọ 80,000 di púpọ̀, ó rí ₦12,000, ó sì kọ ọ́ sí káàdì ìyá náà. Akápò gbà á, alága fọwọ́ sí i. Oṣù mẹ́ta ni ìyá yìí fi san án, ₦36,000 gbáko, kí n tó dé ibẹ̀ wá yẹ ìwé wò. ₦1,200 ni ó yẹ kí ó máa san lóṣù, èyí tí í ṣe ₦3,600 ní oṣù mẹ́ta. Ẹgbẹ́ dá ₦32,400 padà fún un. Ṣùgbọ́n ó ti ta ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ kí ó tó rí ti oṣù kẹta san, ẹni tí ó rà á kò sì dá a padà.

Kí ni ó ṣẹlẹ̀? Bí a bá pín iye kan sí ọ̀nà 10, pọ́ìntì rẹ̀ yóò sún sí apá òsì ní ìgbésẹ̀ kan. Bí ó bá jẹ́ 100, ìgbésẹ̀ méjì. Bí ó bá jẹ́ 1,000, mẹ́ta. Ẹ ka òdo, ẹ ó mọ iye ìgbésẹ̀. Nínú 1.5, nọ́ńbà kan ṣoṣo ni ó wà níwájú pọ́ìntì. Ìgbésẹ̀ kìíní gbé wa dé 0.15, ilẹ̀ sì tán lábẹ́ ẹsẹ̀. Ibẹ̀ ni akọ̀wé yẹn dúró. Ìgbésẹ̀ kejì ṣì kù, òdo ni a ó sì fi dí àyè rẹ̀: 0.015. Àyè òfìfo yìí ni mo ti rí i tí àṣìṣe ń gbà wọlé jù. Nọ́ńbà gígùn kì í yọ wọ́n lẹ́nu. Kò sí akọ̀wé tí kò lè pín 4,350 sí ọ̀nà 100 kí ó rí 43.50.

N kò dá akọ̀wé náà lẹ́bi tó àwọn tí ó fọwọ́ sí i láìwò. Ìṣirò àwọn baba wa kò lọ ní mẹ́wàá-mẹ́wàá. Nígbà owó ẹyọ, ogójì ni à ń sín sí okùn kan, àádọ́ta okùn di ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá di ọ̀kẹ́. Nígbà owó Gẹ̀ẹ́sì, kọ́bọ̀ àtijọ́ méjìlá ni ṣílè kan, ogún ṣílè ni pọ́n-ùn kan. Márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún sì jẹ́ ṣílè kan lórí pọ́n-ùn, láìsí pọ́ìntì kankan. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973 ni náírà dé, tí ọgọ́rùn-ún kọ́bọ̀ di náírà kan, tí pọ́n-ùn kan sì di náírà méjì. Kọ́bọ̀ ti pòórá lọ́jà báyìí, ṣùgbọ́n pọ́ìntì kò bá a lọ.

Ẹ má gbára lé fóònù. Ohun tí ẹ bá tẹ̀ sí i ni yóò ṣe. Ohun tí èmi máa ń ṣe ni pé mo ń kọ́kọ́ wá ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún. 80,000 á di 800. Ọ̀kan ààbọ̀ gbọ́dọ̀ wà láàárín 800 àti 1,600. Bí ẹnìkan bá wá gbé ₦12,000 síwájú mi, kí n tó mú bírò ni mo ti mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ìyá tí kò kàwé lè ṣe èyí lórí.

Bákan náà ni ìwọ̀n. 1,000 kílò ni tọ́ọ̀nù kan, nítorí náà àpò ajílẹ̀ 50 kílò jẹ́ 0.05 tọ́ọ̀nù. Ẹgbẹ́ tí ó bá kọ 0.5 yóò san owó àpò mẹ́wàá lórí ẹyọ kan.

Nígbà tí mo bá padà wá, káàdì ẹ̀yáwó ni n óò kọ́kọ́ béèrè. Kí n tó dé, kí akọ̀wé àti akápò jókòó, kí oníkálukú pín 2.5 sí ọ̀nà 100 láì wo ti ẹnì kejì. Bí èsì wọn kò bá dọ́gba, ẹ ránṣẹ́ pè mí kí ẹ tó gba èlé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.