Ẹ Jẹ́ Kí A Fi Àjákù Aṣọ Kọ́ Àwọn Ọmọ Wa Ní ABD

Ọ̀rọ̀ tí aṣojú òṣìṣẹ́ sọ níbi ìpàdé ẹ̀ka wa

A ti sọ̀rọ̀ owó oṣù, a ti sọ̀rọ̀ owó àṣekún. Ọ̀rọ̀ tó kù kéré lójú, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa ló kàn.

Àwa tí a ń wọ iṣẹ́ òwúrọ̀, a ń kúrò nílé kí ọmọ tó jí. Àwa awakọ̀, kí a tó wọlé, ọmọ ti sùn. Ilé ìwé ni a fi gbogbo ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì rárá. Ní 2022 ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́fà yẹn. Ní 2025 wọ́n fagi lé ìlànà náà, wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa fi kọ́ni. Bí ọmọ òṣìṣẹ́ yóò bá mọ Yorùbá kà, ilé ni kí a ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹlòmíràn yóò ní, "Gẹ̀ẹ́sì ni yóò bá ọmọ mi wá iṣẹ́." Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Lẹ́tà Yorùbá jẹ́ 25, ti Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ 26. Mọ́kànlélógún nínú wọn ni èdè méjèèjì jọ ń lò. Ọmọ tó bá mọ tiwa, Ẹ, Ọ, Ṣ àti GB nìkan ni kò ní bá nínú Gẹ̀ẹ́sì. C, Q, V, X àti Z nìkan ni yóò kù fún un láti kọ́. Kò sí àdánù níbẹ̀.

Ohun tí a fẹ́ ṣe ni pé kí a rán ẹranko kéékèèké, kí lẹ́tà wà níkùn ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn, kí ọmọ máa fi wọ́n ṣeré. Ajá fún A, erin fún E, ẹja fún Ẹ, gúnnugún fún G, ìgbín fún I, jàkùmọ̀ fún J, kìnnìún fún K, labalábá fún L, màlúù fún M, ológbò fún O, ọ̀bọ fún Ọ, pẹ́pẹ́yẹ fún P, ràkúnmí fún R, tòlótòló fún T. Mẹ́rìnlá nìyẹn. Níbi tí ẹranko kò bá ti yá, ohun èlò ilé yóò gbà á: bàtà, dígí, fìlà, gbágùúdá, hámà, náírà, sálúbàtà, ṣíbí, wàrà, yẹtí. U nìkan ló ku. Nínú Yorùbá àjùmọ̀lò, kò sí ọ̀rọ̀ tí U bẹ̀rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ará Èkìtì ń pe ilé ní ulé. Ẹ rán eku, kí ẹ tẹ ìrù rẹ̀ bí U, nítorí U ló parí orúkọ rẹ̀.

Aṣọ fẹ́ẹ̀tì ló dára jù, nítorí pé a kò hun ún. Ńṣe ni wọ́n tẹ irun àgùntàn pọ̀ títí ó fi di aṣọ. Bí a bá gé e, etí rẹ̀ kì í tú. Ṣùgbọ́n omi gbígbóná a máa sún un kì. Ẹni tí kò bá rí i, kó lo àjákù ańkárá, kó ṣẹ́ etí rẹ̀ díẹ̀ sínú.

Ẹ ya ẹranko náà sára páálí, kó tó àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà. Ẹ gé aṣọ méjì. Ẹ gé lẹ́tà láti ara aṣọ aláwọ̀ mìíràn, kí ẹ rán an mọ́ ọn kí ẹ tó pa méjèèjì pọ̀: lẹ́tà ńlá lápá kan, kékeré lápá kejì. Ẹ rán an yípo, kí ẹ fi àyè ìka méjì sílẹ̀, ẹ ki òwú bọ̀ ọ́, kí ẹ dí i. Òwú ni kí ẹ fi ṣe ojú rẹ̀ àti àmì abẹ́ Ẹ, Ọ àti Ṣ. Ẹ má ṣe lo bọ́tìnnì tàbí ìlẹ̀kẹ̀, nítorí ọmọ kékeré lè gbé e mì, kó há a lọ́fun. Ẹ tún gé ọ̀já tín-ín-rín méjì fún àmì ohùn, kí ọmọ lè rí i pé igbá, igba àti ìgbà kì í ṣe ohun kan náà.

Lẹ́tà mẹ́ta lọ́sẹ̀ tó. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án, gbogbo rẹ̀ ti parí.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé iṣẹ́ obìnrin ni. Ọkùnrin pọ̀ nínú àwọn télọ̀, awakọ̀ náà sì lè gé páálí. Bí ènìyàn 25 bá rán ẹyọ kọ̀ọ̀kan, odindi ABD kan ti wà ní gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ wa fún gbogbo ọmọ.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a kò gbọdọ̀ gbàgbé. Àjákù aṣọ tó wà nílẹ̀ ní ilé iṣẹ́, ti ilé iṣẹ́ ni. Kí ẹnikẹ́ni má kó o gba géètì jáde láìní ìwé, kí wọ́n má baà pè é ní olè, kí iṣẹ́ má bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí ẹ̀já aṣọ. Ẹ jẹ́ kí ìpàdé yìí dìbò pé kí akọ̀wé kọ lẹ́tà sí àwọn ọ̀gá, kí wọ́n fi àpò àjákù kan fún wa lóṣooṣù, kí wọ́n sì fọwọ́ sí ìwé rẹ̀.

Àbá wa nìyẹn. Ta ni yóò kín in lẹ́yìn?