Ìwé Àdéhùn Ilé Yíyá ní Ìpínlẹ̀ Èkó

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá síwájú yín kì í ṣe ti àwọn lọ́yà nìkan. Ó kan onílé, ó sì kan ayálégbé, a sì mọ̀ pé àwọn méjèèjì ni ó jókòó níhìn-ín.

Ní ọdún 2011 ni Gómìnà Babatunde Fashola fi ọwọ́ sí òfin ilé yíyá ti Ìpínlẹ̀ Èkó. Òfin náà kò fẹ́ kí onílé béèrè ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Ẹni tí ó bá rú u, ìtanràn ₦100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù 3 ni. Onílé tí ó bá wó ilé mọ́ ayálégbé lórí, tàbí tí ó fi ipá lé e síta láìgba ilé-ẹjọ́ kọjá, ìtanràn rẹ̀ lè tó ₦250,000, tàbí kí ó lọ sí ẹ̀wọ̀n oṣù 6. (Òfin náà yọ Ìkòyí, Victoria Island, Àpápá àti GRA Ìkẹjà sílẹ̀, bóyá wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ owó ilé kì í pa olówó lẹ́kún.)

Ọ̀rọ̀ àkókò ni a fẹ́ kí ẹ tẹ́tí sí jù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Èkó ń wí pé ẹni tí ń san owó ilé lọ́dọọdún gbọ́dọ̀ rí ìkìlọ̀ oṣù 6 gbà kí ó tó kó jáde. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n kò pé. Bí àdéhùn kò bá sọ nǹkan kan nípa ìkìlọ̀ ni oṣù 6 yìí wà fún. Bí ìwé tí ó fọwọ́ sí bá wí pé oṣù 1 tó, oṣù 1 náà ni a ó bá a kà. Bí ó bá sì jẹ́ pé ọdún kan péré ni ìwé dá fún un, tí ọdún náà sì pé, kò tún sí ọ̀rọ̀ kúìtì mọ́; ìkìlọ̀ ọjọ́ 7 ni ó kù, pé onílé ń lọ sí ilé-ẹjọ́ láti gba ilé rẹ̀.

Ẹ wo ẹni tí ó ti fi oṣù mẹ́rin wá ilé, tí ajẹ́ńtì dúró tì í pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, tí a sì na ìwé Gẹ̀ẹ́sì olójú-ewé mẹ́fà sí i. Iye owó nìkan ni ó wá nínú rẹ̀, ó sì fọwọ́ sí i. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe fi oṣù 5 tọrẹ láìmọ̀. Ẹni tí ó bá onílé ṣe àdéhùn ẹnu lásán ìbá sàn jù ú lọ, nítorí òfin náà ka àdéhùn ẹnu sí àdéhùn.

A kò gbàgbé àwọn onílé tí ayálégbé jókòó sí ilé wọn tí kò san kọ́bọ̀. Ìwọ̀sí ni, ilé-ẹjọ́ a sì máa pẹ́. Síbẹ̀, ẹ̀yin ìjòyè tí ẹ ní ilé, kí ni ó dí yín lọ́wọ́ láti mú kí lọ́yà yín kọ ìwé náà ní Yorùbá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, kí a sì kà á sókè kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ sí i? Fún ẹni tí kò mọ̀wé, òfin ti pẹ́ tí ó ti pàṣẹ pé kí ẹni tí ó bá a kọ ìwé kà á fún un, kí ó túmọ̀ rẹ̀, kí ó sì kọ orúkọ ara rẹ̀ àti ibi tí ó ń gbé sí i.

Ó ku rìsíìtì. Ẹ̀tọ́ ayálégbé ni. Kí ó má gba èyí tí a kò kọ àkókò tí owó náà wà fún sí.