JÍÌPÙ KÉKERÉ TÒKUNBỌ̀: ÈWO NI Ó TỌ́ KÍ A YÁ OWÓ RÀ?

(Ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé oṣù mẹ́ta-mẹ́ta)

Iṣẹ́ tí ẹ rán wa ni a wá jẹ́. Ẹ ní kí àwa ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó yẹ ọ̀rọ̀ ọkọ̀ wò, nítorí pé nínú àwọn ìwé ìbéèrè tí ń dé ọwọ́ wa, ti ọkọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ̀ ju ti ilé kíkọ́ lọ. Èyí tí ó sì pọ̀ jù nínú wọn ni jíìpù kékeré, irú èyí tí ó ga díẹ̀ kúrò nílẹ̀, tí kì í ṣe ti ọlọ́lá, ṣùgbọ́n tí ó lè la kòtò ojú ọ̀nà wa kọjá láìfi ikùn gbálẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ kò ní i lọ́kàn láti ra ọkọ̀, ẹ má ṣe sùn o. Ọ̀rọ̀ yìí lè kàn yín ju ẹni tí ó fẹ́ rà á lọ. Ẹni tí ó bá fọwọ́ sí ìwé onídùúró ti fi àjẹṣẹ́kù ara rẹ̀ dógò. Ká fi í sí i pé ọmọ ẹgbẹ́ kan ní ₦2,500,000 nínú àjẹṣẹ́kù, tí òfin ẹgbẹ́ rẹ̀ sì gbà kí ó yá ìlọ́po méjì rẹ̀. ₦5,000,000 ni yóò gbà. Bí yóò bá san án láàárín oṣù 36, ojú owó nìkan, láìka èlé, jẹ́ nǹkan bí ₦138,900 lóṣooṣù. Ọkọ̀ lè kú ní oṣù kẹrin, ṣùgbọ́n gbèsè kì í kú. Bí ó bá sì dá ẹsẹ̀ dúró, àjẹṣẹ́kù tirẹ̀ kò lè bò ju ìdajì lọ. Orí àwọn onídùúró ni ìyókù ń já lé.

Ó ti ṣẹlẹ̀ nínú ẹgbẹ́ kan tí a mọ̀. Arákùnrin kan ra jíìpù nítorí pé ó ń dán, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Kò tíì pé oṣù mẹ́fà tí gíà rẹ̀ kọ̀ láti wọlé. Nígbà tí ó fi máa di oṣù kẹwàá, wọ́n ti ń yọ owó lára àjẹṣẹ́kù àwọn onídùúró rẹ̀ méjèèjì. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ìyá kan tí ń ta aṣọ, owó ilé ìwé ọmọ rẹ̀ ni ó ń kó jọ síbẹ̀. Ìyá yìí kò jókòó nínú ọkọ̀ náà rí. A kò dárúkọ irú ọkọ̀ tí ó jẹ́, torí pé ẹjọ́ rẹ̀ kò tíì parí, ṣùgbọ́n òun ni ó mú kí a jókòó ti ọ̀rọ̀ yìí.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń rà. Toyota gbé RAV4 jáde ní ọdún 1994, Honda sì tẹ̀ lé e pẹ̀lú CR-V ní 1995. Ara ọkọ̀ kékeré ni wọ́n fi kọ́ irú jíìpù bẹ́ẹ̀, wọ́n kàn gbé e ga sí i ni. Kì í ṣe ọkọ̀ oko. Ẹni tí ó bá fẹ́ máa fi kó kòkó tàbí iṣu láti inú igbó, kí ó lọ ra píkọ́ọ̀pù. Èyí tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà nínú wọn, tí àwọn oníṣòwò fi ń fọ́nnu, kò ṣe wá láǹfààní tó bí a ti rò. Nítorí yìnyín ni ọ̀pọ̀ ará Amẹ́ríkà ṣe ń rà á. Èyí tí táyà iwájú nìkan ń fà fúyẹ́, kì í mu epo tó ti èkejì, ohun tí ó lè bàjẹ́ lára rẹ̀ sì dín kù. Nínú CR-V, bí èyí tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà bá ń kérora nígbà tí ẹ bá ń yí kọ́nà, ọ́ìlì difíránṣà ẹ̀yìn ni ó ti gbó.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a gbé wọn lé orí ìwọ̀n. Èyí tí owó ọmọ ẹgbẹ́ wa sábà máa ń ká ni tòkunbọ̀ ọdún 2007 sí 2012, nítorí náà orí wọn ni a ó ti dúró pẹ́.

RAV4 ọdún 2006 sí 2008, oní-pisitínì mẹ́rin, ń lo ẹ́ńjìnnì 2.4. Ẹ́ńjìnnì náà le, ṣùgbọ́n òmíràn nínú wọn máa ń mu ọ́ìlì nítorí àléébù òrùka pisitínì. Toyota fúnra rẹ̀ gbà bẹ́ẹ̀, ó sì bá àwọn oníbàárà rẹ̀ ní Amẹ́ríkà tún ti 2007 àti 2008 ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ní ọdún 2009 ni wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ sí ẹ́ńjìnnì 2.5, èyí ni ó sì wù wá jù. Àwọn kan wà tí ó jẹ́ oní-pisitínì mẹ́fà, agbára rẹ̀ pọ̀ gidigidi, ṣùgbọ́n ẹ bi ara yín léèrè ibi tí ẹ fẹ́ sáré lọ. RAV4 ti 2001 sí 2003 ní àléébù mìíràn tí ó ti jẹ ọ̀pọ̀ ènìyàn lówó: bí gíà rẹ̀ bá ń ta bí ẹṣin, kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì ni ó sábà máa ń fà á. Àwọn mẹkáníìkì kan á sì ti kó oníbàárà lọ sí Ládípọ̀ tàbí Aráròmí ní Ìbàdàn láti ra gíà mìíràn, gíà tuntun náà á tún máa ta.

CR-V ọdún 2007 sí 2011 ń lo ẹ́ńjìnnì 2.4 tí a kò rí wí sí. Ṣéènì ni ó ń yí i láti inú, kì í ṣe bẹ́líìtì tí a gbọ́dọ̀ máa pààrọ̀. Ti RAV4 náà sì rí bẹ́ẹ̀. Kìkì pé kí ẹ máa pààrọ̀ ọ́ìlì lásìkò, nítorí ọ́ìlì ni oúnjẹ ṣéènì. CR-V tí ó ṣáájú rẹ̀, ti 2002 sí 2006, dára, àfi eesí rẹ̀: bí kọ̀ḿpírésọ̀ bá fọ́ sínú, eérún irin á tú ká inú gbogbo páìpù, bí ẹ bá pààrọ̀ kọ̀ḿpírésọ̀ nìkan láìfọ àwọn páìpù náà, kò ní pẹ́ tí tuntun yóò fi tẹ̀ lé ti àtijọ́.

Àyè jíjókòó kò yàtọ̀ púpọ̀. RAV4 kan wà nínú ti 2006 sí 2012 tí ó ní ìjókòó ìlà kẹta, ọmọdé ni ó lè gbà níbẹ̀. Táyà ìpamọ́ RAV4 yìí wà ní òde, lára ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, àwọn olè sì mọ̀ ọ́n. Ilẹ̀kùn náà tún máa ń ṣí sí ẹ̀gbẹ́, bí wọ́n bá ti gbá ọkọ̀ mìíràn mọ́ yín lẹ́yìn ní ọjà, ẹ kò lè kó ẹrù sí i. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn CR-V ń ṣí sókè, inú ni táyà rẹ̀ sì wà, lábẹ́ ẹrù. Ẹni tí táyà rẹ̀ bá jò lójú ọ̀nà márosẹ̀ yóò kọ́kọ́ kó gbogbo ẹrù rẹ̀ sílẹ̀ ná.

Nissan Rogue máa ń dín lówó ju àwọn méjèèjì lọ, ìdí sì wà fún un. Gíà rẹ̀ kò ní ìpele bí ti àtijọ́. Bẹ́líìtì irin ni ń sáré láàárín púlì méjì. CVT ni wọ́n ń pè é. Nissan fa àkókò ìdúró-fún-ọjà gùn fún irú gíà yìí ní Amẹ́ríkà títí dé ọdún 10, fún àwọn ọkọ̀ tí wọ́n ṣe títí di 2010. Ilé iṣẹ́ kì í ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bí kò bá sí ẹjọ́ nílẹ̀. Ooru ni ọ̀tá gíà náà, ooru kò sì wọ́n wa nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ. Ọ́ìlì pàtàkì kan tí ń jẹ́ NS-2 ni ó ń mu. Mẹkáníìkì tí ó bá da ọ́ìlì gíà lásán sí i ti pa á nìyẹn. Bákan náà, WS ni RAV4 2006 sókè ń mu, DW-1 sì ni ti CR-V. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kí ẹ má fi sílẹ̀ fún ẹni tí ó ní gbogbo ọ́ìlì pupa ni ọ̀kan.

Ti Kia Sportage 2011 sí 2013 àti àwọn ẹbí rẹ̀ láti Hyundai, ẹwà ni wọ́n fi ń mú ojú. Ṣùgbọ́n láti 2015 ni wọ́n ti ń pe àwọn ọkọ̀ Hyundai kan padà ní Amẹ́ríkà nítorí ẹ́ńjìnnì tí eérún irin kù sí nínú láti ilé iṣẹ́, tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì dé bíárìn. Sportage wọ inú rẹ̀ ní 2017. Ford Escape 2013 oní-1.6 ni wọ́n pè padà léraléra nítorí iná. A kò ní fi ọ̀rọ̀ gùn lórí ìyẹn.

Nípa ti epo: ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, epo tí à ń rà ní nǹkan bí ₦190 fò kọjá ₦480 láàárín ọjọ́ díẹ̀, kò sì dúró síbẹ̀. Nínú ìdánwò ìjọba Amẹ́ríkà, RAV4 2009 oní-2.5 tí táyà iwájú ń fà ń mu bíi lítà 94 fún kìlómítà 1,000; CR-V ń mu bíi 102; RAV4 oní-pisitínì mẹ́fà ń mu bíi 107. Ìyàtọ̀ lítà 8 láàárín àwọn méjì àkọ́kọ́ kò tó ohun tí ènìyàn ń fi orúkọ bá ara wọn jà lé lórí. RAV4 2019 tí ó ń lo epo àti bátìrì pọ̀ kò mu ju nǹkan bí 60 lọ, ṣùgbọ́n iye rẹ̀ ti kọjá agbára ẹ̀yáwó ọ̀pọ̀ nínú wa.

Kí ẹ tó san kọ́bọ̀ kan, ẹ ka nọ́ńbà ẹ́ńjẹ́sì ọkọ̀ náà. Àmì 17 ni. Àkọ́kọ́ ń sọ ibi tí wọ́n ti tò ó: J ni Japan, K ni Kòríà, 2 ni Kánádà, 1, 4 tàbí 5 ni Amẹ́ríkà. Àmì kẹwàá ń sọ ọdún: 7 ni 2007, 8 ni 2008, 9 ni 2009, A ni 2010, B ni 2011, C ni 2012. Bí oníṣòwò bá ní 2012 ni, tí ẹ sì rí 9 níbẹ̀, ẹ dágbére fún un. Nọ́ńbà yìí kan náà ni ẹ lè fi wo ojú ewé ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń bójú tó ààbò ojú ọ̀nà, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ NHTSA, lọ́fẹ̀ẹ́, láti mọ̀ bóyá àtúnṣe kan wà tí wọn kò tíì ṣe sí i.

Èyí ṣe pàtàkì fún CR-V jù lọ. Àwọn ti 2002 sí 2011 wà lára ọkọ̀ tí wọ́n pè padà nítorí àpò afẹ́fẹ́ Takata, àpò tí ó yẹ kí ó gba ẹ̀mí là nígbà ìjàǹbá. Ooru àti ọ̀rinrin ọ̀pọ̀ ọdún ni ó ń ba oògùn inú rẹ̀ jẹ́, tí yóò fi bú jù, tí yóò sì fọ́n irin lu ẹni tí ó jókòó sílé. Ẹ wo ojú ọjọ́ tiwa. A kò ní buwọ́ lu owó fún CR-V èyíkéyìí tí a kò bá rí i pé wọ́n ti pààrọ̀ àpò náà.

Ẹ tún fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde tán pátápátá. Bí ẹrẹ̀ bá wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, tàbí bí ìpẹtà bá wà lára nọ́ọ̀tì abẹ́ ìjókòó, ọkọ̀ náà ti mu omi rí. Lẹ́yìn ìjì Harvey ní 2017 àti Ian ní 2022, ọkọ̀ tí ó mu omi ní Amẹ́ríkà kò lóǹkà. Aago máìlì náà kò ṣeé gbọ́kàn lé, wọ́n ń yí i padà. Àtẹ̀lẹ́sẹ̀ búréèkì tí ó ti họ kò lè parọ́.

Ẹnu wa kò kò lórí èyí tí ó borí. Nínú àwa márùn-ún, mẹ́ta gbà pé CR-V ni owó rẹ̀ dára jù fún ẹni tí ó ń rà, torí RAV4 ọdún kan náà sábà máa ń wọ́n jù ú lọ láìṣe pé ó dára jù ú tó bẹ́ẹ̀. Àwọn méjì yòókù ní kí a fi ojú onídùúró wò ó: bí gbèsè bá wọ́, RAV4 ni ó ń tètè tà, kì í sì í já lulẹ̀ nínú iye. A ronú lé e títí, a sì gbà pé ọ̀rọ̀ àwọn méjì náà ní láárí, ṣùgbọ́n a kò ní fi dènà ẹnikẹ́ni. Méjèèjì ni a ó máa yá owó fún, RAV4 láti 2009, CR-V láti 2007. Fún Rogue, ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ yóò mú onídùúró mẹ́ta wá, kí wọ́n sì mọ ohun tí wọ́n ń fọwọ́ sí.

Ìwé ìbéèrè tuntun ti wà lọ́wọ́ akọ̀wé. Ẹ óò so mọ́ ọn: nọ́ńbà ẹ́ńjẹ́sì tí ẹ fúnra yín kọ láti ara ọkọ̀, kì í ṣe láti ẹnu oníṣòwò, ìwé mẹkáníìkì tí kì í ṣe ti ẹni tí ó ń tà á, àti ẹ̀rí pé ẹ ní ìdá kan nínú mẹ́wàá iye ọkọ̀ náà ní ọwọ́, lọ́tọ̀, fún ọ́ìlì, púlọ́ọ̀gì, táyà, bátìrì àti sọ́ọ̀kì tí kò sí tòkunbọ̀ tí kì í béèrè wọn ní oṣù àkọ́kọ́. Onídùúró ní ẹ̀tọ́ láti wo ọkọ̀ náà kí ó tó fọwọ́ sí ìwé.

Ẹni tí ó bá ní ìbéèrè, kí ó nawọ́ sókè. A ó kọ́kọ́ dá àwọn tí ìwé wọn ti wà nílẹ̀ láti oṣù tí ó kọjá lóhùn.