ỌMỌ TÍ ÌWÉ Ń NI LÁRA: ẸJỌ́ TA NI?

(Ọ̀rọ̀ tí a bá ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé ọdún wa, Adégbayì, Ìbàdàn)

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ọmọ títọ́. Ọ̀rọ̀ náà fẹ̀, ẹ jẹ́ kí n mú ẹ̀ka kan níbẹ̀: ọmọ tí ìwé ń ni lára, àti òbí tó ń tìtorí rẹ̀ dá ara rẹ̀ lẹ́bi lóru.

Ẹ mọ ohun tí mò ń wí. Tí sáà bá parí, tí rìpọ́ọ̀tù dé, tí a bá ipò 38 nínú ọmọ 41 níbẹ̀, ilé á dákẹ́ rọ́rọ́. Ìyá á ní, "Ọjà ni mo gbájú mọ́ jù, n kò jókòó tì í." Bàbá á ní, "Owó lẹ́sìnnì tí n kò rí san ló fà á." Ẹni tí kò kàwé á ní àìmọ̀wé òun ló ran ọmọ. Ti ẹni tó kàwé tún le jù, ojú ń tì í láàrin ẹgbẹ́. Láti ibẹ̀, ẹlòmíràn á mú ẹgba, ẹlòmíràn á gba ilé wòlíì tàbí ti ààfáà lọ, ẹlòmíràn á sì wá owó ra ìdánwò fún ọmọ níbi tí wọ́n ń pè ní mírákù sẹ́ńtà.

Ẹ jẹ́ ká bi ara wa: ṣé lóòótọ́ ni gbogbo ẹ̀bi náà wà lọ́rùn òbí?

Ní oṣù kìíní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Iye ọmọ tó wà nílé-ìwé fò láti bíi 457,000 ní 1954 sí ohun tó lé ní 811,000 lọ́dún yẹn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, ọmọ àgbẹ̀ ni, láti irú abúlé tó yí wa ká yìí. Bàbá wọn kò mọ A yàtọ̀ sí B. Síbẹ̀, inú wọn ni dókítà, tísà àti adájọ́ ti jáde. Àìkàwé òbí nìkan kọ́ ló ń dí ọmọ lọ́nà.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo apá kejì. Àwa tí ìwé gbà la pé jọ síbí. Ẹ rántí pé kíláàsì wa pọ̀ jù báyìí lọ. Àwọn kan kúrò, wọ́n lọ kọ́ mẹkáníìkì. Àwọn kan padà sóko. "Olódo" ni wọ́n ń pè wọ́n. Ta ló yẹ̀ wọ́n wò bóyá wọ́n tiẹ̀ ń rí ohun tó wà lára pátákó?

Ẹni tó bá gba títì Adégbayì yìí lọ tààrà á dé Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́. Níbẹ̀, ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ dán nǹkan kan wò ní ilé-ìwé St. Stephen's "A". Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ohun gbogbo fún ọdún mẹ́fà. Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ iṣẹ́ kan lọ́tọ̀, olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n dunjú ló ń kọ́ wọn. Àwọn ọmọ mìíràn ń bá ètò àtijọ́ lọ: Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, lẹ́yìn náà Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, àwọn tó fi Yorùbá kàwé ló ṣe dáadáa jù. Nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, wọn kò gbẹ́yìn. Ẹ gbọ́ o: ìlú kan náà, irú òbí kan náà. Orí ọmọ kò yí padà, ọ̀nà tí a gbà kọ́ ọ ló yí padà.

Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí á máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ dé kíláàsì kẹfà. Ní 2025, wọ́n wọ́gi lé e. Ó wá ku ilé. Ìyá tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ má jẹ́ kó sọ pé òun kò ní ohun tí òun lè ṣe. Kó pe ọmọ lálẹ́, kó ní, "Sọ ohun tí tísà kọ́ yín lónìí fún mi ní Yorùbá." Ibi tí ọmọ bá ti kọsẹ̀, ibẹ̀ ni kò yé e. Kó fi owó ọjà kọ́ ọ ní ìṣirò.

Ẹ yẹ ojú ọmọ wò, ẹ yẹ etí rẹ̀ wò, pàápàá etí tó ń ṣọyún. Ọmọ SS tí eegun ń ro, tí kì í lè lọ sílé-ìwé déédéé, kò ya ọ̀lẹ. Àwọn ọmọ kan wà tí ọpọlọ wọn pé ṣùgbọ́n tí ìwé kíkà ń ṣòro fún, tí wọ́n lè ṣi b pè ní d. Dyslexia ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Ẹgba kì í wò ó. Sùúrù àti kíkọ́ ní díẹ̀díẹ̀ ló ń ràn án lọ́wọ́.

N kò sọ pé òbí kò lẹ́bi rárá. Bí ọmọ bá ń kiri kó tó lọ sílé-ìwé, tó wá ń sùn ní kíláàsì, tiwa nìyẹn. Ẹ̀bi tí a lè tún ṣe, ká tún un ṣe. Èyí tí kì í ṣe tiwa, ká sọ ọ́ kalẹ̀. Àwọn àgbà ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Wọn kò ní ọmọ tí kò gba ipò kìíní.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, mo mọ̀ pé èrò pọ̀ ní kíláàsì, ṣùgbọ́n ẹ bá wa pe òbí kí sáà tó parí, kì í ṣe lọ́jọ́ rìpọ́ọ̀tù. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ọdọọdún là ń fún ọmọ tó gba ipò kìíní lẹ́bùn, ó dára. Àbá mi ni pé ká yọ díẹ̀ nínú owó náà, ká fi pe àwọn tí yóò yẹ ojú àti etí àwọn ọmọ ilé-ìwé wa wò. Ó lè jẹ́ jígí ojú lásán ló kù kí ẹni tó wà ní ipò 38 tó dìde.

Ọlọ́run yóò bá wa wo àwọn ọmọ wa. Ire o.