Ìròyìn Kúkúrú Ojú Fóònù

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kò jìnnà sí ẹnikẹ́ni nínú wa, nítorí ó ṣòro kí a tó rí agboolé tí kò ní ẹni tí ń fi fóònù kọ ìròyìn kúkúrú sórí WhatsApp, tàbí Facebook, tàbí X, èyí tí à ń pè ní Twitter kí ó tó di ọdún 2023.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé òyìnbó ni ó kọ́ wa ní ìròyìn kúkúrú. Ní nǹkan bí ọdún 1887, ọ̀gbẹ́ni G. W. Bloxam fi àrokò àwọn Ìjẹ̀bú han àwọn ọ̀mọ̀wé ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀kan nínú wọn ni èyí tí ọ̀gágun Ìjẹ̀bú kan fi ránṣẹ́ sí ọmọ ọba tí ó wà lẹ́yìn odi: owó ẹyọ mẹ́fà àti ìyẹ́ ẹyẹ kan. Ẹ̀fà ń wí pé, ọkàn mi fà sí ọ, kí ìwọ náà fà mọ́ mi. Ìyẹ́ ni àwọn àgbà fi ń nu inú etí. Nítorí náà, ó ń wí pé kí ọ̀rọ̀ yìí dé etí rẹ, kí o sì tètè wá. Twitter, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2006, lẹ́tà 140 ni ó ń gba ènìyàn láyè láti kọ tẹ́lẹ̀. Ní ọdún 2017 ó sọ ọ́ di 280. Ọ̀gágun wa kò lo ẹyọ lẹ́tà kan.

Ṣùgbọ́n àrokò ní ìránṣẹ́ tí ń gbé e, ó sì ní ẹnì kan tí a fi í ránṣẹ́ sí. A lè bi ìránṣẹ́ léèrè pé, ta ni ó rán ọ, ìgbà wo ni o sì kúrò nílé? Ìròyìn ojú fóònù kì í dúró gba ìbéèrè.

Mo ti kíyèsí bí àwọn ènìyàn ti í kọ ọ́. Àwọn kan dà bí akéde: wọ́n sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀, wọ́n sì dákẹ́. Àwọn mìíràn a máa pa òwe sórí Status pé, “Ẹni tí ó mọ̀ ni yóò mọ̀,” ìdílé mẹ́fà yóò sì máa rò pé àwọn ni a ń bá wí. (Irú èyí ti dá ìjà sílẹ̀ láàárín orogún tí mo mọ̀.) Ìyá arúgbó tí kò mọ̀wé a máa fi ohùn ara rẹ̀ sọ tirẹ̀, èyí ni mo fẹ́ràn jù, nítorí a mọ ohùn ẹni tí ń sọ̀rọ̀. Àwọn tí ó bà mí lẹ́rù ni àwọn tí ń wí pé, “Bí mo ti rí i gbà ni mo ṣe fi ránṣẹ́.”

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2014, lẹ́yìn tí àrùn Ebola ti wọ Nàìjíríà, irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ tàn kálẹ̀ pé kí olúkúlùkù fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí ó sì mu ún. Àwọn ìwé ìròyìn jíhìn pé ènìyàn méjì kú ní Ìpínlẹ̀ Plateau nítorí àmujù iyọ̀, a sì gbé nǹkan bí ogún lọ sí ilé ìwòsàn. Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé omi iyọ̀ kò lè dènà Ebola, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ti ṣíwájú.

Kì í ṣe irọ́ nìkan ni ó ń ṣeni ní ibi. Ní abúlé kan nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde, ẹnì kan kọ ọ́ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun pé, “Ọ̀la ni abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọdé.” Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn ìyá kan kà á ní Ọjọ́bọ̀; nígbà tí wọ́n pọn ọmọ dé ọjà ní ọjọ́ Ẹtì, àwọn nọ́ọ̀sì ti lọ.

Bí ẹ bá rí ọfà kékeré méjì lórí ọ̀rọ̀ kan lórí WhatsApp, ó ti gba ọwọ́ ènìyàn márùn-ún, ó kéré tán, kọjá kí ó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Láti ọdún 2020, ibì kan ṣoṣo ni WhatsApp ń jẹ́ kí a tàtaré irú rẹ̀ sí lẹ́ẹ̀kan. Ẹ bi ẹni tí ó fi í ránṣẹ́ léèrè ibi tí ó ti rí i.

Èyí ni bí ìròyìn abẹ́rẹ́ náà ìbá ti rí: “Abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọdé, Ọjọ́rú, 11 Oṣù Kẹta, agogo mẹ́sàn-án òwúrọ̀, ní ọjà. Nọ́ọ̀sì ni ó sọ fún mi.” Bí ẹ bá ka lẹ́tà rẹ̀, kò tó 140.